Ẹrù Àna Tí Kò Padà sí Ọ̀yọ́

Bàbá mi kì í purọ́, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ padà. Ìwà méjèèjì yìí ló fi ń yangàn ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Áńgílíkà pọ́ńbélé, ẹni tó gbà pé bí òun bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti di òfin. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, jogún agídí yẹn, nítorí náà àwa méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn ara wa nídìí oúnjẹ.

Ìgbà tí ẹ̀wádún 1980 ń lọ sópin ni mò ń sọ yìí. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Wọ́n ti lé àwọn aṣòfin lọ sílé, ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù sì ti sọ búrẹ́dì di ohun tí à ń fi ṣe àlejò. Nígbà tí orílẹ̀-èdè ò ní ilé ìgbìmọ̀ mọ́, fàráńdà wa di ilé ìgbìmọ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á gbé rédíò jáde, Ààfáà Télọ̀ á sọdá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí ilé wa, tòun ti tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọn á sì máa tún ayé ṣe. Ààfáà yìí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú láàárọ̀, ó ń ránṣọ lọ́sàn-án, ó ń ṣòfófó nírọ̀lẹ́. Kò níkà nínú o. Ẹnu rẹ̀ kàn ń jò bí ajere ni. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ akọ̀wé ní bárékè kan náà tí àbúrò bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ológun, nítorí náà ohunkóhun tí Ààfáà bá gbọ́ lọ́dọ̀ wa, kì í pẹ́ tí bárékè fi máa ń gbọ́ ọ.

Àbúrò bàbá mi yìí là ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà. Sájẹ́ǹtì ni. Ó ja ogun abẹ́lé, ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń tiro bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìntì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá wá sílé ní líìfù, ipò kan wà tó máa ń jókòó sí ní ìparí bẹ́ńṣì fàráńdà, á máa pa ẹ̀pà, á máa bù ú sí ẹni tó bá wà nítòsí lọ́wọ́, kò ní dá sí ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun nìkan ló máa ń bi mí léèrè ohun tí mo rò, táá sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n rí sí i ni pé kò níyàwó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti bàbá mi, ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àdúrà, ó ti fi ṣe ẹkún, ó ti fi ṣe ìjà. Èsì kan náà ni Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà máa ń fún un.

"Iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ n ráyè ni, Ìyá."

"Ọ̀gá yín tó ń ṣèjọba gan-an ńkọ́? Ṣé kò níyàwó ni?"

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà á rẹ́rìn-ín, á tún pa ẹ̀pà mìíràn.

Kì í dá wá sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, sájẹ́ǹtì bíi tirẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló máa ń bá a wá. Ọkùnrin gíga kan báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Nígbà tí òjò wó ògiri ilé ìdáná Ìyá Àgbà, òun ló po amọ̀, tó tún un mọ, tí kò jẹ́ ká pe bíríkìlà. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún un pé ká ní òun ṣì ní ọmọbìnrin kan nílẹ̀ ni, òun ì bá fi fún un. Òun náà á dọ̀bálẹ̀, á dúpẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà á sì máa wo òrùlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà wà nílé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tẹ̀ lé e wá lọ́tẹ̀ yẹn. Rédíò sọ pé ní ìlú òyìnbó kan, àwọn aṣòfin ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ bóyá kí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ máa ṣiṣẹ́ ológun ní gbangba, láì fara pamọ́. Inú àwọn ará fàráńdà dùn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́jà tiwa, a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n ṣọ́jà òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá.

Ààfáà Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ta ni á máa se oúnjẹ fún wọn?"

"Ààfáà, bárékè ní ilé ìdáná."

"Hẹn, ti oúnjẹ ti yanjú nìyẹn. Ó ku ti ẹ̀sìn."

Lórí ti ẹ̀sìn, wọ́n fẹnu kò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ra rédíò yẹn, mi ò rí ọjọ́ kan tí Mùsùlùmí àti Áńgílíkà fẹnu kò lórí fàráńdà wa. Bóyá ayọ̀ ìfẹnukò yẹn ló gun bàbá mi lórí. Ó dìde dúró, ó fọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe ní àsẹ́ńbìlì.

"Akọ niṣẹ́ ológun," ó ní. "Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá gbúròó ìbọn, á ju tirẹ̀ nù, á sá. Bó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá wọn, ilẹ̀ ò ní mọ́ ọn ní bárékè. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ilé yìí ni, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan fàráńdà yìí mọ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀."

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé nínú ilé. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń bi èèyàn lẹ́ni tó ń fẹ́ kí wọ́n tó gbé ìbọn fún un ni?"

Bàbá mi dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni àwọn ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ti ṣíwọ́ ẹ̀pà pípa. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwọn tí mo rí tí wọ́n ju ìbọn nù lójú ogun, wọ́n níyàwó nílé. Ìyàwó gan-an ni wọ́n ń sá lọ bá."

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí tépù fi já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti sọ tèmi, n ò sì ní gbà á padà."

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà gbé ẹ̀pà náà sórí bẹ́ńṣì, ó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé. Á kí Ìyá Àgbà, á gbé ohun tó mú wá sílẹ̀, á tún gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bàbá mi ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìyàwó lé e sá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ohun tí mo rò mọ́.

Ààfáà Télọ̀ ló wá tú àṣírí, tàbí ohun tó pè ní àṣírí. Ó lọ sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Gàmbàrí kan tó máa ń ta òwú tó fi ń ṣiṣẹ́ sọ́rùn agbádá fún un. Bó ṣe ń bọ̀, ó gbójú sókè, ta ló rí lórí òrùlé ilé ìyá alálùbọ́sà kan? Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà, tó ń kan páànù. Ààfáà ò pè é o. Ó lọ ṣe ìwádìí. Àwọn ará àdúgbò ní ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣọ́jà nìyẹn, pé ọkùnrin náà kì í kan páànù nìkan, pé ó tún máa ń lọ kọ ebè fún ìyá náà lóko rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.

Ààfáà ò dúró sanwó òwú tán tó fi sáré wálé.

"Ọ̀gá, ọkùnrin tó ń tiro! Tó ń kọ ebè fún arúgbó tí kì í ṣe ìyá ẹ̀! Kí lẹ fẹ́ ká pe ìyẹn?"

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ kan ṣoṣo là ń pe ìyẹn. Ọkùnrin kì í fi oòrùn pa ara rẹ̀ lóko ìyá oníyàá lásán. Àna ló ń sìn. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló parí ẹ̀: ọ̀rẹ́ tó ń bá a wá sílé yẹn, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fẹ́. Ṣebí ẹni tó bá ń wo àbúrò, ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀rẹ́? Gbogbo nǹkan wá yé wa kedere. Ìyá Àgbà jó yí kànga ká.

Bàbá mi fẹ́ ká ránṣẹ́ ṣáájú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fàáké kọ́rí. Ó ní bí Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà bá gbọ́, iṣẹ́ ìjọba á tún gbé e lọ. Nígbà líìfù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó tó yà sọ́dọ̀ wa, a di ẹrù: iṣu, epo, oyin, iyọ̀, obì, orógbó. Ìyá mi ní òun ò lọ, pé òun náà jẹ́ ìyàwó ilé, òun sì mọ ìtìjú tó wà nínú kí àna já wọlé láì ránṣẹ́. Ààfáà ò lè lọ nítorí aṣọ Iléyá ti kún orí máṣíìnì rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n rántí gbogbo rẹ̀ fún òun, títí dórí irú gèlè tí ìyàwó wé. Bàbá mi, Ìyá Àgbà àtèmi la wọ Píjò tí a háyà tòun ti awakọ̀ rẹ̀, mo gbé ìgò oyin lé itan títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà la bá nínú pálọ̀, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ kakí. Ó gbójú sókè. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú agbádá, ó rí ìyá rẹ̀ nínú aṣọ òfì, ó rí èmi tí mo ru iṣu.

Ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìyàwó ẹ la wá tọrọ."

"Ìyàwó wo?"

Awakọ̀ ò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó ti ń to ẹrù sáàárín pálọ̀. Ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú fóòmù ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ kan. Bàbá mi kí i dáadáa, ó jókòó, ó tún agbádá ṣe.

"Àbúrò rẹ obìnrin dà?"

"Mi ò ní àbúrò, sà. Èmi nìkan ni ìyá mi bí."

Bàbá mi fẹ́ tún béèrè ni, Ìyá Alálùbọ́sà bá ti Sábó dé pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó wo ẹrù, ó wo bàbá mi, ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sára mi. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Alihamudulilai," ó ní. "Ẹ ti mú ìyàwó mi wá."

Ó sì gbá mi mọ́ra, òórùn àlùbọ́sà bò mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyàwó máa ń wí. Inú bí mi. Mo ní àfẹ́sọ́nà tèmi ní Ọ̀yọ́, tíṣà bíi tèmi, ẹni tí mo ṣì ń fi ọgbọ́n jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi, èèyàn kan wá ń fi mí ṣe aya ọmọ rẹ̀ lójú bàbá yẹn kan náà. Ìyá Alálùbọ́sà ò gbọ́ tèmi. Ó ti ń ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé tipẹ́ lòun ti mọ̀ pé ọmọ òun ń fẹ́ ẹnì kan ní Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti máa ń lo ìdajì líìfù rẹ̀. Ó tilẹ̀ bá ìyá kan níbẹ̀ mọ ògiri ilé ìdáná. Ọkùnrin wo ló máa ń po amọ̀ fún obìnrin tí kì í ṣe àna rẹ̀? Lẹ́yìn Iléyá lòun fẹ́ wá tọrọ ọmọ náà, òun sì ti so àgbò mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àgbò náà ké, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí.

Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni ìyá elógiri."

"Èmi ni ìyá onípáànù," ni Ìyá Alálùbọ́sà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wo àwọn ọmọ wọn. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ṣì gbé áyọ́ọ̀nù dání, ó gbàgbé láti gbé e kalẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi gbójú sókè sára ògiri. Fọ́tò àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ nínú aṣọ ológun, wọ́n fi èjìká kan èjìká bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó bọ̀, níbi tí ẹlòmíràn máa ń gbé fọ́tò òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ sí. Kọ́tìnnì ìyẹ̀wù ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, kakí méjì tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìṣirò ni bàbá mi fi ń jẹun. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń ro ó pọ̀.

Ibẹ̀ lèmi náà ti rántí ẹ̀pà tí Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà gbé sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ló lé e kúrò nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ìyàwó ni.

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ tiyín ní fàráńdà, mo sì ti gbọ́. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí bárékè bá gbọ́ èyí, wọ́n á lé àwa méjèèjì, gbogbo ọdún tí a fi sìn á sì wọmi. Bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fẹ̀yìntì ná."

Bàbá mi kọjú sí awakọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kó ẹrù yẹn padà sínú mọ́tò."

"Ẹrù àna kì í padà," ni Ìyá Àgbà wí. Kò dìde.

"Ìyá, kò sí ìyàwó níbí."

"Mo lójú. Mo rí i pé kò sí." Ó yíjú sí ọkùnrin elọ́ṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ náà. "Nígbà ogun, ọmọ mi sọ fún mi pé ẹnì kan ló gbé òun kúrò níbi tí wọ́n ti yìnbọn fún òun. Ta ni?"

"Èmi ni, Mà."

"O ò wí fún mi láti ọjọ́ yìí. O kàn ń mọ ògiri. Àdúrà tí mò ń gbà fún ẹni náà láràárọ̀, ṣé o ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ, Mà. Mo máa ń ṣe àmín."

Ìyá Alálùbọ́sà ní tirẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ wá, ó mú iṣu tó tóbi jù lọ nínú ẹrù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Awakọ̀ tú ọwọ́ tó fi di kẹ́ẹ̀gì epo mú. Kò sẹ́ni tó lè kó iṣu bíbó padà sí Ọ̀yọ́. Bàbá mi wo èèpo iṣu bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ó sì tún jókòó.

Ó jẹ iyán náà. Ó tilẹ̀ bù kún un.

Nígbà tí a ń padà, Ìyá Àgbà ní àfi kí Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà tẹ̀ lé wa. Mo ń ro ti Ààfáà Télọ̀. Bàbá tí kì í purọ́, àti télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń jò, àti bárékè tó ń dúró: mi ò mọ bí a ṣe máa là á já.

Mọ́tò ò tíì dúró tán tí Ààfáà ti sọdá. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe ti mọ́ ọn lára. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, agbádá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe bá wọn?"

"A bá àwọn àna wa láàyè. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n gúnyán fún wa."

"Ìyàwó wa ńkọ́?"

Mo di òpó fàráńdà mú. Òógùn bo bàbá mi níwájú orí.

"Ààfáà," ó ní, "ọ̀rọ̀ àárín àna àti àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàráńdà."

Ààfáà wò ó. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ fún un rí. Ó wo èmi náà, mo ní mo gbádùn iyán. Ó wá ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè fi pa ìtìjú, ó na ọwọ́ sí rédíò. "Àwọn òyìnbó yẹn ò mà tíì parí ẹjọ́ wọn o, ti àwọn ṣọ́jà yẹn. Ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, pé bó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí ni..."

"Mo gbà á padà."

"Ẹ gba kí ni padà?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. Ẹni tó bá sìn dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kó sìn dópin, kí wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá a gbé nílé kò kan ìbọn."

Ààfáà ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti gbé Jímọ̀ lọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ṣé ara yín yá, Ọ̀gá?"

"Iyán ló pọ̀ jù," ni bàbá mi wí.

Mi ò ní purọ́ pé bàbá mi di ẹlòmíràn. Ó pẹ́ lórí eékún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi lè wo ojú ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń kí. Ṣùgbọ́n ohun tí bárékè gbọ́ láti ẹnu Ààfáà kò ju pé sájẹ́ǹtì náà ti ní àna ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé wọ́n mọ iyán gún. Àwọn méjèèjì fẹ̀yìntì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ wọn. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bí Kérésì bá dé, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń di ẹrù tó ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé yẹn, lẹ́yìn tí Ààfáà ti padà sí ìdí máṣíìnì rẹ̀, bàbá mi ò dìde. Ó pa rédíò. Ó mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà wà lẹ́yìn fèrèsé, níbi tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà. Kò pè é. Ó kàn sún kúrò ní ìparí bẹ́ńṣì, ó sì ń wo ojú títì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn iwájú tó dún. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ fàráńdà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó lè gba òun.

"Jókòó," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀pà dà?"